Capteur Tó Ń Parọ́, Capteur Tó Ń Sọ Òótọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ́bẹ̀, ní Sakété, ní Ìfọ̀nyìn, ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tó wà ní Atakpamé lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé mẹkáníìkì pọ̀ láàárín wa, awakọ̀ náà sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ti yín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọkọ̀ òfúrufú ni mo ti rí i.

Ọmọ Kétu ni mí. Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò kí n tó wá sí ilẹ̀ Faransé. Níbi tí mò ń gbé báyìí, lẹ́bàá Toulouse, pápá kékeré kan wà tí àwọn èèyàn ti ń fi ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké fò ní òpin ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó fi ọdún mẹ́fà kan ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀ nínú gáráàjì ilé rẹ̀. Papa ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe àgbà nílé. Òun mọ bí a ṣe ń to irin àti ìyẹ́ ọkọ̀. Èmi mọ ẹ́ńjìnì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọra.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé èèyàn lè kan ọkọ̀ òfúrufú nílé. Nílẹ̀ Faransé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1934, Henri Mignet kọ ìwé kan tó pè ní Le Sport de l'Air, ó fi kọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà bó ṣe lè fi igi àti aṣọ kan ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Pou-du-Ciel. Lóde òní, ilé iṣẹ́ á ti gé irin sílẹ̀, ẹni tó rà á á máa tò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti Papa, Zenair CH 701 ni, tí Chris Heintz ya àwòrán rẹ̀. Aluminiọ̀mù ni ara rẹ̀, ìjókòó méjì ló ní, kò sì nílò ilẹ̀ gígùn kó tó gbéra. Òfin gba ẹni tó kàn án láyè kó máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ńlá nìyẹn, ẹrù ńlá sì ni. Bí nǹkan bá ń ṣe ẹ́ńjìnì yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ́ńjìnì náà, Rotax 912 ULS ni, tí wọ́n ń ṣe ní Ọ́stríà. Sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 100. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ara sílíńdà lára, omi ló ń tu orí rẹ̀. Òróró rẹ̀, bíi lítà mẹ́ta, kì í gbé abẹ́ ẹ́ńjìnì bíi ti mọ́tò wa. Inú táńkì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbé, pọ́ǹpù á máa fà á láti ibẹ̀.

Ẹ wò ó, awakọ̀ taxi tó bá gbọ́ ariwo kan lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kó ṣí capot, kó wo inú rẹ̀. Ẹni tó wà lójú ọ̀run kò lè sọ̀ kalẹ̀ wo ẹ́ńjìnì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn capteur sì ni ojú tí ẹni yẹn fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti òróró. Ọ̀kan ń sọ bí òróró ṣe gbóná tó. Méjì wà ní orí sílíńdà, wọ́n ń sọ ooru ibẹ̀. Òmíràn ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Capteur fúnra rẹ̀ kò mọ ooru, kò sì mọ agbára òróró. Kúránì ló mọ̀. Capteur ooru tó wà lára ẹ́ńjìnì yìí, bó bá tutù, ó ń dènà kúránì. Bó bá gbóná, á jẹ́ kó kọjá. Ti agbára òróró tó wà lára ọkọ̀ Papa nígbà náà, bí agbára bá ń pọ̀ sí i ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Aago tó wà níwájú awakọ̀ ló ń túmọ̀ ìdènà yìí sí nọ́ńbà. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó ti inú òróró dé ojú ẹni, ó ti gba ọwọ́ capteur, ó ti gba wáyà, ó ti gba masse, ó ti gba bátìrì, ó sì ti gba aago. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu márùn-ún kọjá kó tó dé etí ẹni, ó yẹ ká bi í léèrè dáadáa. Kò yẹ ká gbà á gbọ́ láìwádìí, kò sì yẹ ká pè é ní irọ́ láìwádìí.

Ìgbà mẹ́ta ni aago òróró ọkọ̀ yìí ti já Papa láyà. Mo fẹ́ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ku díẹ̀ kó balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ aago ooru òróró gun òkè, ti orí sílíńdà méjèèjì gun òkè, ti agbára òróró sì wálẹ̀. Ó balẹ̀ ní àlàáfíà, ó pa ẹ́ńjìnì, ó pè mí lórí fóònù: “Máa bọ̀ o, ẹ́ńjìnì mi fẹ́ kú.”

Nígbà tí mo dé, mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rárá. Mo bi í pé, “Papa, kí lẹ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn kó tó ṣẹlẹ̀?” Ó ronú díẹ̀, ó ní iná iwájú ni, èyí tí wọ́n ń tàn bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. A tan ẹ́ńjìnì, a jẹ́ kó gbóná dáadáa, mo ní kó tan iná náà. Gbogbo ọwọ́ aago fò. Ó pa iná, wọ́n padà sáyè wọn. Ooru òróró ti 95°C bọ́ sí 110°C lójú ẹsẹ̀, ó tún padà sí 95°C lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Papa, òróró lítà mẹ́ta wo ló lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kó sì tún tutù kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì? Omi ẹ̀kọ pàápàá kì í yára bẹ́ẹ̀ lórí iná.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ọwọ́ aago kan ṣoṣo bá ń ṣìwà hù, ẹ wo capteur rẹ̀ àti wáyà rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣìwà hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò. Capteur mẹ́rin kì í kó àìsàn lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni bátìrì àti masse.

Mo gbé testeur, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sí masse aago, mo fi èkejì sí orí òdì bátìrì. Pẹ̀lú iná ní pípa, nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Pẹ̀lú iná ní títàn, ó di folti 0.4. Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Lẹ́yìn pátákó, aago àti iná iwájú jọ ń lo masse kan, wọ́n sì dè é mọ́ irin tí wọ́n ti kùn lọ́dà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí kúránì kọjá dáadáa. Bí iná bá tàn, kúránì rẹ̀ á há síbẹ̀, á gbé masse aago kúrò nípò, aago á wá rò pé ooru ti pọ̀, agbára òróró ti dín. A ha ọ̀dà náà kúrò títí irin fi mọ́, a dè é padà dáadáa, a sì fún aago ní wáyà masse tirẹ̀ tó lọ tààrà sí bátìrì. Papa ti fẹ́ ra capteur mẹ́rin tuntun. Kò ra ọ̀kan.

Mo dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan sílẹ̀ sọ́kàn Papa: ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé aago rẹ̀ jẹ́ òpùrọ́.

Ìgbà kejì, ní bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọwọ́ agbára òróró nìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìwé ẹ́ńjìnì yìí sọ pé, bó bá ń yí ju ìgbà 3500 lọ ní ìṣẹ́jú kan, agbára òróró gbọ́dọ̀ wà láàárín bar 2 sí bar 5. Bó bá ń yí díẹ̀ sí ìyẹn, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju bar 0.8. Ti Papa, ní 5000, á fi bar 4 hàn, á bọ́ sí 1, á fò sí 7, á tún padà. Ooru òróró kò yí padà, ohùn ẹ́ńjìnì kò yí padà. Iná iwájú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Papa ti ṣèlérí fún ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé òun á gbé e fò fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní, “Capteur ló ń parọ́. Ìwọ náà rí i lọ́jọ́sí. A ó fò, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo ní, “Papa, ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n nílé wa, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. A ò tíì gbọ́ tẹnu òróró fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fò láìgbọ́ ọ, ẹ má gbé ọmọ yẹn dání.”

Inú bí i. Ó ní òun ló kan ọkọ̀ náà, kì í ṣe èmi. Òótọ́ ló sọ. Mo dákẹ́, mo jókòó. Nígbà tó ṣe, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí.

Ohun tí a ṣe rèé. A kọ́kọ́ wo iye òróró. Ẹ́ńjìnì yìí, bó bá dúró pẹ́, díẹ̀ nínú òróró á kù sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, a pa gbogbo iná rẹ̀, a wá fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú síbi tó máa ń yí sí, díẹ̀díẹ̀, títí táńkì fi dún bí ẹni tó gùnfẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pá ìwọ̀n tó lè sọ òótọ́. Òróró pé. A tú àlẹ̀mọ́ òróró, a gé e ṣí, a tẹ́ bébà inú rẹ̀, a wá erùpẹ̀ irin níbẹ̀. Kò sí. Lẹ́yìn náà, a tú capteur náà kúrò, a fi aago lásán kan sí ojú ihò rẹ̀, irú èyí tí kò lo kúránì rárá, tó jẹ́ pé òróró fúnra rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ rẹ̀. A so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, a tan ẹ́ńjìnì. Bar 4, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. A wá jẹ́ kí capteur àti aago lásán yìí jọ gba òróró láti ojú ihò kan náà. Aago lásán dúró jẹ́ẹ́, ti pátákó ń jó.

Nígbà náà la tó lè sọ pé capteur ló kú. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì àti ooru rẹ̀ ló pa á, nítorí ara ẹ́ńjìnì gan-an ni wọ́n dè é mọ́.

Nípa ti pípààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ díẹ̀. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi clé tó bá a mu gán-an mú ìdí rẹ̀ tó ní igun mẹ́fà. Ẹ má fún un lórí, orí rẹ̀ kò lágbára. Ẹ má wé rọ́bà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn plombier ń lò mọ́ ọn. Bí ègé rẹ̀ bá já, ó lè dí ọ̀nà òróró. Bí capteur náà bá sì jẹ́ oníwáyà kan, ojú okùn ìdí rẹ̀ ló fi ń gba masse. Rọ́bà yẹn lè dí masse rẹ̀, yóò sì máa parọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un dé ìwọ̀n tí ìwé bá sọ, nítorí aluminiọ̀mù ni ibẹ̀, ó lè là. Ti Papa, a gbé capteur tuntun kúrò lára ẹ́ńjìnì, a dè é mọ́ ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti awakọ̀, a fi durite tó lágbára gbé òróró dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì fún un ní wáyà masse tirẹ̀. Ibẹ̀ kì í gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Oríṣi capteur kan tún wà tó ń fi kúránì sọ̀rọ̀ láti 4 dé 20 mA. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé, bí agbára òróró bá jẹ́ òdo, á ṣì fi 4 ránṣẹ́. Bó bá wá di òdo pátápátá, a mọ̀ pé wáyà ló já, kì í ṣe òróró ló tán.

Bó bá jẹ́ capteur ooru lẹ ń fura sí, ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pààrọ̀ wáyà orí sílíńdà méjèèjì. Bí àṣìṣe bá tẹ̀lé capteur lọ, capteur ló jẹ̀bi. Bó bá dúró sí aago kan náà, wáyà tàbí aago ni. Ẹ tún lè tú u, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sínú omi tó ń gbóná lórí iná, kí ẹ fi testeur ka ìdènà rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbóná, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ jẹ́jẹ́, láìfò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Papa nìkan ló gbé e fò lókè pápá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò jìnnà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ sunkún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó sì fò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Ó gbá mi mọ́ra nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi sún un síwájú.

Ìgbà kẹta ló jẹ́ kí n máa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òtútù ti lọ, ìgbà tí wọ́n máa ń tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò dé. Papa tan ẹ́ńjìnì, ó ń rìn lórí ilẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbéra. Ọwọ́ agbára òróró bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò jó, kò fò. Ó ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́: 4, 3, 2. Nígbà tó dín eré ẹ́ńjìnì kù, ó wálẹ̀ ju 0.8 lọ.

Ẹ rò ó wò. Aago yìí kan náà ló ti dáyà já a lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́ńjìnì nígbà méjèèjì. Capteur náà tuntun ni, ẹnikẹ́ni lè sọ pé, “Wọ́n tún ti ta èyí tí kò dára fún wa.” Papa pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tì í padà. Nígbà tí mo dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, “Lọ mú aago lásán yẹn wá.”

A fi aago lásán sí i. A tan ẹ́ńjìnì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nọ́ńbà kan náà. Ẹlẹ́rìí méjì ti pé, ọ̀rọ̀ wọn sì dọ́gba. Òróró gan-an ló ń ṣàìsàn.

A wá a kiri. Kò sí ibi tó ń jò. Ìyẹn ló yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n durite tó wà láàárín táńkì àti pọ́ǹpù, ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà, bí ibẹ̀ bá ní ihò, kì í tú òróró síta nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́; afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé. Durite náà ti gan nítorí ooru, collier tó fún un pọ̀ ti tú díẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó yí. Afẹ́fẹ́ ń bá òróró wọlé, pọ́ǹpù kò sì lè ti afẹ́fẹ́ bó ṣe ń ti òróró. A pààrọ̀ gbogbo durite òróró, a pààrọ̀ collier, a yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀nà òróró bí ìwé ṣe sọ. Aago lásán ní bar 4. Ti pátákó ní bar 4.

Papa jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bó bá jẹ́ pé òkè lọ̀hún ni.” Kò parí rẹ̀.

Ohun tó jẹ mí lógún nìyí, ẹ̀yin ará mi. Òpùrọ́ àná lè jẹ́ olóòótọ́ lónìí. Ìtàn tí a mọ̀ nípa aago kò lè sọ fún wa bóyá ó ń parọ́ lówùúrọ̀ yìí. Àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́. Àyẹ̀wò kan náà tó dá capteur lẹ́bi nígbà kejì ló dá a láre nígbà kẹta. Ẹ̀yin tó mọ bí a ṣe ń sọ pé “capteur lásán ni,” ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, ó ń jẹ́ kí èèyàn lè tètè lọ.

Nílé, mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mọ́tò tokunbọ̀ dé láti Yúróòpù, iná pupa òróró tàn níwájú awakọ̀, ẹnì kan á ní kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé wáyà rẹ̀. Iná kú, ọkàn balẹ̀, mọ́tò kó èrò lọ sí Parakou. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwa ọmọ iṣẹ́ pé: “Má pa iná náà. Wá ohun tó tàn án.” Lóòótọ́, mọ́tò lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní ibi tí bàálù kò ti lè dúró. Ṣùgbọ́n ìyá wa àti ọmọ wa ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ ọmọ Papa ṣe fẹ́ jókòó.

Àyẹ̀wò tí mo sọ yìí kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Testeur kan, aago òróró lásán kan pẹ̀lú durite rẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná kan, àti sùúrù. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní gáráàjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra aago lásán yẹn, ẹ gbé e kọ́ ibi tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ á ti máa rí i. Ẹ kọ́ wọn láti máa pe ẹlẹ́rìí kejì kí wọ́n tó dájọ́.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó ń lọ lórí ilẹ̀, ẹni tó ń lọ lójú ọ̀run, Ọlọ́run á mú gbogbo wa délé láyọ̀. Àṣẹ.